Ajá kékeré náà, ajá ni

"Ṣé èyí tí kò tó ológbò yìí ló máa wá bu èèyàn jẹ?" Bí mo bá mú Tanímọ̀la, ajá Yorkshire Terrier mi, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ nìyẹn, pàápàá lẹ́nu àwa tá à ń sin ajá. A gbà pé ajá kékeré kò nílò ẹ̀kọ́, pé òfin kò kàn án, pé tó bá ti ń gbó, ká ṣáà gbé e mọ́ra. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọ̀pọ̀ rò pé àwọn ajá ńláńlá nìkan ni òfin Dangerous Dogs Act (òfin ajá eléwu ilẹ̀ Bìrìtéènì) ti ọdún 1991 ń bá wí. Lóòótọ́, ó ní irú ajá tó kà léèwọ̀. Ṣùgbọ́n abala kẹta rẹ̀ kan gbogbo ajá, kò sì dúró de ìgbà tí ajá bá bu èèyàn jẹ. Tí apá ẹni tó ni ín kò bá ká a, tí èèyàn sì ní ìdí gidi láti bẹ̀rù pé yóò ṣe òun léṣe, ẹjọ́ ti wà níbẹ̀. Ẹ rántí àwọn ìyá wa tó wá kí wa láti ilé, tí wọ́n ti ń gbọ́ ìtàn dìgbòlugi láti kékeré. Tí ajá yín bá fò mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ ní káfè, ẹ má fi rẹ́rìn-ín.

Ti gbígbé mọ́ra ló dùn mí jù, torí òun ni mo fi ba Tanímọ̀la jẹ́. Lọ́jọ́ kan, ajá ńlá kan wọ káfè tá a wà, ó dúró jẹ́ẹ́. Mo yára gbé tèmi sáyà, ló bá gbó títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹnì kan ní ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Ìgboyà kọ́ o, ẹ̀rù ni. Kó tó gbó ló ti ń lá ètè, tó ń yán láìsí oorun, tó ki ìrù bọ àárín itan. Ká ní ajá ńlá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wa ì bá ti rí i. Torí pé ó kéré, fọ́tò là ń yà. Ó sì lè já bọ́ lọ́wọ́ èèyàn kó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, torí egungun wọn tín-ín-rín. (Lórí àtẹ̀gùn tó ń fúnra rẹ̀ rìn ní Underground, ìyẹn ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, dandan ni kẹ́ ẹ gbé e.)

Ní báyìí, igun tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà la máa ń jókòó sí. Mo tẹ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá rí ajá mìíràn lókèèrè, tí òun kò sì gbó, mo fún un ní ẹran bíńtín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ti ń lọ sílé. Okùn rẹ̀ ń gba àyà, kò gba ọrùn, torí ọ̀nà ọ̀fun irú wọn kò lágbára. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ọrùn tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì mi ṣì wà níbẹ̀, òfin ló ní kó wà. Ṣokoléètì tó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì ni mo sì ń ṣọ́ jù. Ìwọ̀nba tí ajá ńlá lè jẹ kí inú kàn run ún lè pa tèmi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ajá ńlá ọjọ́sí tún wọlé. Tanímọ̀la wò ó, ó yíjú sí mi, ó ń retí ẹran rẹ̀.