Ta ló fura sí wọn?

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn akọ̀ròyìn wa, tó sì ti wọ inú ìròyìn Yorùbá lórí rédíò pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà ni "suspected", èyí tí a sọ di afurasí. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé a máa ń lò ó níbi tí kò ti wúlò fún ẹnikẹ́ni, a sì máa ń gbàgbé rẹ̀ níbi tí orúkọ àti ẹ̀mí ènìyàn ti so mọ́ ọn.

Ẹ wo ti Eruku. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, àwọn agbébọn wọ ìjọ CAC nílùú náà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní ìpínlẹ̀ Kwárà wa níbí, nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ìsìn náà sáfẹ́fẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, tó fi jẹ́ pé gbogbo ayé ló rí bí àwọn olùjọ́sìn ṣe ń wá ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí. Síbẹ̀, afurasí ni àwọn oníròyìn kan ṣì pe àwọn tó ṣe é. Kí ló tún kù tí à ń fura sí? Ẹni tó gbé ìbọn wọ ilé Ọlọ́run, tó sì kó ènìyàn wọ igbó lọ, ẹni tí a kò mọ̀ ni, kì í ṣe ẹni tí a fura sí. Olóòtú ìròyìn lè ní òfin ìbanilórúkọjẹ́ ni òun ń sá fún, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò dárúkọ, tí a kò sì mọ ojú rẹ̀, yóò ti ṣe pe ìwé ìròyìn lẹ́jọ́?

Ní ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá wá kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin jáde síwájú àwọn oníròyìn, tí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwọ bàtà, tí ìbọn ìbílẹ̀ àti fóònù wà níwájú wọn, ọjọ́ náà gan-an ni afurasí máa ń pòórá. A ó gbọ́ pé ọwọ́ pálábá ajínigbé ti ségi, tàbí pé ọwọ́ ṣìnkún òfin ti tẹ àwọn olè, pẹ̀lú orúkọ àti àwòrán wọn. (Gbólóhùn pálábá yẹn dùn létí, n kò jiyàn, àmọ́ ìdájọ́ ti wà nínú rẹ̀.) Bẹ́ẹ̀, abala 36, ẹsẹ 5, nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sọ pé aláìlẹ́bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi.

Ìdigunjalè Ọ̀fà ti ọjọ́ 5, oṣù Kẹrin, ọdún 2018, kò lè kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni ní gúúsù Kwárà. Ọlọ́pàá mẹ́sàn-án wà lára àwọn tó bá a lọ. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin tó dájọ́ ikú fún àwọn márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọlọ́pàá pè ní afurasí tó ṣe kókó jù ti kú sí àtìmọ́lé kí ìdájọ́ náà tó wáyé. N kò gbèjà rẹ̀ o. Bí inú ṣe bí wa tó, afurasí ni òfin mọ̀ ọ́n sí títí ó fi kú.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni "afurasí darandaran Fúlàní". Ní Ìlọrin, níbi tí ìran Ṣéhù Àlímì, àáfà tó jẹ́ Fúlàní, ti ń jọba, tí ọ̀pọ̀ ìdílé tó jẹ́ Fúlàní nípa ìran kò sì gbọ́ èdè mìíràn ju Yorùbá lọ, irú àkọlé bẹ́ẹ̀ kì í dáàbò bo ẹnikẹ́ni, odidi ẹ̀yà ló ń nàka sí. Ta ló tiẹ̀ fura? Ṣé ọlọ́pàá ni, àbí ẹni tó sá àsálà, àbí akọ̀ròyìn tó jókòó sí ọ́fíìsì? Bí ẹni tó sá àsálà bá sọ pé èdè Fúlàní ni òun gbọ́ lẹ́nu wọn, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì sọ pé òun ló sọ ọ́, kí àwa tí à ń kà á lè wọ̀n ọ́n wò. Bí kò bá sí ẹni tó sọ ọ́, kí wọ́n kọ agbébọn nìkan.