Àtúnṣe: Kì í ṣe gbogbo ètò ọ̀fẹ́ ló ń lẹ àmì mọ́ fídíò

Ọ̀rọ̀ kan ń jà rànyìn láàrin àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ fídíò ní Adó-Èkìtì, pé gbogbo ètò ọ̀fẹ́ tí a fi ń gé fídíò ló ń lẹ àmì orúkọ ètò náà (watermark) mọ́ iṣẹ́ ẹni, nítorí náà kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ yáa wá ayédèrú Premiere Pro, ètò olówó kan tí a fi ń gé fídíò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀fẹ́ pátápátá ni Shotcut àti Kdenlive, wọn kì í sì í lẹ àmì kankan. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ DaVinci Resolve náà kì í lẹ̀ ẹ́, àfi tí ẹ bá lo irinṣẹ́ tó jẹ́ ti ẹ̀dà olówó nìkan.

Agbára kọ̀ǹpútà gan-an ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wò, nítorí pé Resolve ń fẹ́ káàdì àwòrán (graphics card, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń gbé àwòrán jáde) tó lágbára. Bí tiyín bá ń lọ́ra, ẹ tan proxy nínú Shotcut: yóò ṣe ẹ̀dà kékeré fídíò ìgbéyàwó tí ẹ yà, èyí tí ẹ óò máa gé láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ojúlówó fídíò ni yóò lò nígbà tí ẹ bá ń gbé iṣẹ́ jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba ayédèrú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ lè ba fídíò oníbàárà yín jẹ́ kí ẹ tó gé e tán.