Èsì wa fún oníbàárà tó ni Dúdú: "kò sí" tí a kọ síwèé kò tọ̀nà

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú àìsùn lórí Dúdú. Èmi tí mo ni lábù yìí ni mo ń fèsì fúnra mi. Ẹ kọ ọ́ pé ajá yín kọ oúnjẹ, èrìgì rẹ̀ funfun, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ wa, a fi máíkírósíkóòpù wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a ní kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ibòmíràn ṣe PCR, àyẹ̀wò tó ń wá DNA kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n bá Babesia, kòkòrò tí eégbọn ń kó ran ajá, tó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀. Ẹ fún wa ní ìràwọ̀ kan, ẹ sì ní kí àwọn ẹlòmíràn má fi owó wọn ṣòfò lórí máíkírósíkóòpù mọ́.

Ìràwọ̀ kan yẹn tọ́ sí wa. Ohun tí a kọ sínú ìwé èsì yín ni "kò sí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀." Ohun tó yẹ kí a kọ ni "a kò rí kòkòrò lórí síláìdì yìí." Síláìdì ni gíláàsì pẹlẹbẹ tí a ń tẹ́ ẹ̀jẹ̀ lé kí a tó wò ó. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jìnnà síra gan-an. Ẹ gba ohun tí a kọ gbọ́, ẹ gbé ajá yín padà sílé, àìsàn sì ráyè fi ọjọ́ mẹ́rin jẹ ẹ́ lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àṣìṣe wa ni.

Lálẹ́ àná mo wá síláìdì Dúdú jáde nínú àpótí, mo kán òróró sí i, mo sì jókòó tì í fún wákàtí kan gbáko. Etí ẹ̀jẹ̀ tí a tẹ́ sórí síláìdì náà ni mo pẹ́ sí jù, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́, torí ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tí Babesia ti wọ̀ sábà máa ń kóra jọ sí. Mo rí ohun kan tó jọ ọ́, àyà mi já. Nígbà tí mo túbọ̀ wò ó dáadáa, plátílẹ́ẹ̀tì (èérún kékeré inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì) tó gorí sẹ́ẹ̀lì pupa ni. Inú sẹ́ẹ̀lì gan-an ni Babesia máa ń wà, àwọn tó tóbi nínú wọn a sì máa rí bí ẹ̀kán omi méjì tó fi ṣóńṣó kanra. Mo wò ó tán, n kò rí ẹyọ kan ṣoṣo.

Síbẹ̀ ó wà lára ajá náà. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan péré la fi ń ṣe síláìdì. Bí kòkòrò bá kéré, tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wọ̀, ojú lè má bá a pàdé, bó ti wù kó mú tó.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìwé kan náà tó sọ pé "kò sí" ló sọ pé PCV Dúdú (ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀) jẹ́ 24, nígbà tí ti ajá tí ara rẹ̀ dá máa ń wà láàárín 37 sí 55. Plátílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ náà wálẹ̀ gan-an. Ẹ sì ti sọ fún wa lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ já eégbọn mẹ́ta lára rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ajá tó ní eégbọn, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, tí plátílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kéré, kò yẹ kí ó kúrò lọ́dọ̀ wa láìjẹ́ pé a gbà yín níyànjú láti ṣe PCR. Ẹsẹ̀ nìkan la sì ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí a tún gún ṣóńṣó etí rẹ̀ díẹ̀, torí sẹ́ẹ̀lì tí Babesia ti wọ̀ máa ń há sínú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín, a sì máa ń rí i níbẹ̀ ju inú iṣan ńlá lọ. Láti àná, gbogbo ajá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá kéré la ó máa gba ẹ̀jẹ̀ etí lára rẹ̀, a sì ti yí ọ̀rọ̀ inú ìwé èsì padà.

Ibì kan wà tí n kò lè bá yín gbà. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé máíkírósíkóòpù kò wúlò. Kò pẹ́ rárá tí èsì rẹ̀ fi ń jáde, PCR sì lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ajá tí Babesia ti bò lára lè kú kí èsì PCR tó dé, ṣùgbọ́n bí a bá rí i lórí síláìdì, dókítà lè gún un lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. PCR náà a sì máa pàdánù rẹ̀ nígbà tí kòkòrò bá kéré jọjọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe PCR náà irú Babesia tó jẹ́. Ó ṣe pàtàkì. Imidocarb, oògùn tí dókítà sábà máa ń gún ajá, kì í tán Babesia gibsoni, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kékeré. Atovaquone àti azithromycin ni wọ́n ń lò pọ̀ fún ìyẹn. Ẹ sì má fi oògùn doxycycline tó ṣẹ́kù nílé, tí ẹ mẹ́nu bà, rọ́pò ìtọ́jú. Ehrlichia, kòkòrò àrùn mìíràn, ló wà fún, kì í ṣe Babesia.

Àmọ́ eégbọn kan náà lè kó àwọn méjèèjì ran ajá. Inú sẹ́ẹ̀lì funfun ni Ehrlichia ń gbé, ó sì ṣọ̀wọ́n kí a tó rí i lórí síláìdì. Nítorí náà, ẹ gbé Dúdú wá. A ó yẹ̀ ẹ́ wò fún Ehrlichia, a ó tún PCV rẹ̀ wò, a kò ní gba owó lọ́wọ́ yín, a ó sì dá owó ti àkọ́kọ́ padà. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé agbógunti-àrùn (ohun tí ara ajá ń ṣe láti bá kòkòrò jà) wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ má fòyà lójú ẹsẹ̀: ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí ajá ti gbádùn. A ó jọ kà á pẹ̀lú dókítà yín.

Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n tàbí tó dúdú, tàbí tó ń mí gúlegúle, ẹ má wá sọ́dọ̀ wa kọ́kọ́. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ó lè nílò ẹ̀jẹ̀.