"Ọjà ò ṣeé mọ̀" kọ́ ló ń da rosítà rú

Ẹ bi ọ̀gá súpàmákẹ́ẹ̀tì tàbí ilé oúnjẹ èyíkéyìí n'Ìkòròdú, láti Sábó dé Ògólóńtò, pé kí ló dé tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í mọ̀ bóyá òun máa ṣiṣẹ́ lọ́la títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èsì kan náà lẹ máa gbọ́: "Ọjà ò ṣeé mọ̀. Bí kọ́sítọ́mà bá ṣe ń wọlé la ṣe ń pe òṣìṣẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ wá lára débi pé àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló fi ń tu ara wọn nínú. Èmi ò gbà. Kọ́sítọ́mà kọ́ ló ń da rosítà rú, ìyẹn ìwé tó ń sọ ọjọ́ àti wákàtí tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ wa sì ni ìgbàgbọ́ yìí ń fìyà jẹ.

Ẹ wo ọjà náà wò ná. Tí owó oṣù bá ti wọlé, èrò á pọ̀ títí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù tuntun á fi parí. Nírọ̀lẹ́ Fúráìdè, tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìgboro Èkó bá ń ti Mile 12 bọ̀, wọ́n á yà ra búrẹ́dì àti nǹkan ọbẹ̀ ní Gáráàjì kí wọ́n tó wọ kẹ̀kẹ́. Ní Sọ́ńdè, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ṣe ń tú, bẹ́ẹ̀ ni ilé oúnjẹ ń kún. Mọ́ńdè àti Túsìdeè àárín oṣù máa ń dákẹ́. Iléyá, Kérésì, ọ̀sẹ̀ tí iléèwé ń wọlé ní September: ta ni kì í mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀? Ṣebí àwọn baba ńlá wa ló ṣètò ọjà ọrọọrún, tí ará oko àti ará ìlú mọ ọjọ́ tó máa bọ́ sí láìsí ẹni tó ránṣẹ́ pè wọ́n. Ìyá aláta ní Sábó mọ iye apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó yẹ kó gbé lọ́jọ́ Sátidé, torí tó bá ṣì í, á jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ tó ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n tà sílẹ̀, wákàtí sí wákàtí, kò yẹ kí ìmọ̀ tiẹ̀ kéré sí ti ìyá yìí.

Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò níbi tí ọjà ti tóbi ju tiwa lọ. Ilé iṣẹ́ Gap tó ń ta aṣọ l'Amẹ́ríkà gbà kí àwọn olùwádìí láti yunifásítì, Joan Williams, Susan Lambert àti Saravanan Kesavan, wọnú ṣọ́ọ̀bù 28 ní San Francisco àti Chicago. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ń gbé rosítà jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Nínú àwọn kan, wọ́n tún fi kún un pé kí aago tí òṣìṣẹ́ ń wọlé àti aago tó ń jáde má máa yí lójoojúmọ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì lè gba ṣíìfù, ìyẹn àsìkò iṣẹ́, lọ́wọ́ ara wọn. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2018: níbi tí wọ́n ti ṣe àfikún yìí, ọjà tí wọ́n ń tà fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Èyí tó wá kàn wá jù ni pé wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ìdàrúdàpọ̀ náà, oríléeṣẹ́ ló ti ń wá. Ẹrù á dé, iye rẹ̀ ò ní bá èyí tí wọ́n sọ mu. Wọ́n á yí ètò ẹ̀dínwó padà lójijì. Ọ̀gá àgbà á ní òun ń bọ̀ wá ṣàbẹ̀wò, gbogbo ènìyàn á sá wá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa náà nìyẹn. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ẹ máa rí bébà kan tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ti fi báírò pa orúkọ kan, wọ́n kọ òmíràn lé e, wọ́n tún pa ìyẹn náà, débi pé ẹni tó ni ọjọ́ náà gan-an ò ṣeé kà mọ́. Kọ́sítọ́mà kan ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pa á. Máníjà ò tètè jókòó kọ ọ́ ni, tàbí ọkọ̀ ẹrù ló pẹ́, tàbí ẹni kan tó sún mọ́ ọ̀gá ló fẹ́ lọ òde ìyàwó.

Ẹni tó ń san gbèsè rẹ̀ ni ọmọbìnrin tó ń gba owó ní káńtà. Ìjẹ̀dẹ́ ló ń gbé, ojúmọ́ tó bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń sanwó fún. Wọ́n pè é láàárọ̀ kùtù pé kó máa bọ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní ọjà ò yá, kó padà sílé. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ti lọ, owó iṣẹ́ ò sí. Alájọ ò ní gbọ́ àlàyé nírọ̀lẹ́. Tó bá lọ́mọ, ó ti bẹ ìyá ilé kejì kó bá òun mú un, ó sì máa tún un bẹ̀ lọ́la. Àwọn tó ń ka páàtì-táìmù ní LASUSTECH, yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó wà n'Ìkòròdú, mọ bí wọ́n ṣe ń pàdánù ìdánwò nítorí ìpè kan ṣoṣo. Ó dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ tí àgbàlagbà ń sọ pé àwọn ọmọ ìwòyí ò fẹ́ ṣiṣẹ́.

Òfin wa pàápàá ò sọ pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa dúró de ìpè. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní abala 7, ní kí agbanisíṣẹ́ kọ àdéhùn sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta, wákàtí iṣẹ́ sì wà lára ohun tó gbọ́dọ̀ kọ síbẹ̀. Abala 13 ní àdéhùn ló máa ń fi wákàtí iṣẹ́ lélẹ̀, kí ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ sinmi fún ó kéré tán wákàtí kan, kó sì ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje. Ibi tí òfin náà kù sí ni pé kò sọ iye ọjọ́ tó yẹ kí rosítà fi ṣáájú.

Seattle, ìlú kan l'Amẹ́ríkà, sọ ọ́. Láti July 2017, àwọn ilé ìtajà ńláńlá àti ilé oúnjẹ ńláńlá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé rosítà jáde ní ọjọ́ 14 ṣáájú. Tí wọ́n bá fagi lé wákàtí lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á san ìdajì owó rẹ̀. Oregon, ìpínlẹ̀ kan l'Amẹ́ríkà, ṣe irú òfin yìí fún gbogbo ìpínlẹ̀ náà ní 2017. Ṣọ́ọ̀bù ò kógbá sílé nítorí pé òṣìṣẹ́ mọ ọjọ́ rẹ̀. Àwọn olùwádìí tó tẹ̀lé àwọn òṣìṣẹ́ Seattle rí i pé oorun wọn dára sí i, inú wọn sì dùn sí i.

Lóòótọ́, òjò lè rọ̀ kí ọ̀nà má ṣeé gbà, jẹnẹrétọ̀ lè kọṣẹ́, ara òṣìṣẹ́ ò sì lè fi gbogbo ìgbà le. Òfin Seattle fàyè gba irú ìyẹn, ọ̀gá kì í sì í san owó kankan tí òṣìṣẹ́ méjì bá fúnra wọn pààrọ̀ ṣíìfù. Ọ̀gá kan lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la láìdúró de ìjọba. Ẹ mú àkọsílẹ̀ ọjà oṣù mẹ́ta tó kọjá jáde, ẹ fàlà sábẹ́ àwọn ọjọ́ àti wákàtí tí èrò máa ń pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ àwọn tó máa wà níbẹ̀ lásìkò yẹn, kẹ́ ẹ tó fi ìyókù sí ọjọ́ tó dákẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Tí ẹ bá ní láti yí i padà, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ọjọ́ náà léèrè. Òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ bá sì dá padà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìdajì owó ojúmọ́ rẹ̀ kún un.