"Ó Burú" Kò Dùn Wọ́n Mọ́, "Ibi Tó Ti Wá Nìyí" Ló Ń Dùn Wọ́n

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì Kete, èrò ọkàn mi rèé. Ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń ta òkìríkà lórí WhatsApp láàrin Adó, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, ó sì kan ẹ̀yin télọ̀ tí wọ́n máa ń gbé fọ́tò wá bá pé "ẹ bá mi rán irú eléyìí."

Ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn ni pé iṣẹ́ lámèyítọ́ aṣọ ti kú. Wọ́n ní àwọn ilé aṣọ olówó gọbọi ń kó ìmúra ọmọ ìgboro lọ sórí pèpéle, wọ́n ń tà á, àwọn ọmọ náà sì ti sọ tẹnu wọn lórí fóònù kí ìpàtẹ aṣọ tó parí. Kí ló wá kù fún ẹni tó jókòó níwájú pẹ̀lú báírò? Mo bá wọn dé àyè kan. Bí iṣẹ́ lámèyítọ́ bá jẹ́ kó sọ pé "ó dára" tàbí "ó burú", ó ti kú lóòótọ́, n kò sì ní sunkún rẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ kan wà nídìí rẹ̀ tí fóònù kò tíì gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: kí èèyàn mọ aṣọ débi pé yóò lè sọ ọwọ́ tó ti wá.

Ẹ wo oṣù kọkànlá ọdún 1992 ní New York. Dìsáínà Marc Jacobs gbé àkójọ aṣọ kan jáde fún ilé aṣọ Perry Ellis, ìmúra àwọn ọmọ olórin gíráńjì (irú orin rọ́ọ̀kì kan) ìlú Seattle ló sì kó síbẹ̀: ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀kì, fìlà híhun, bàtà ológun, gáùn olódòdó tó dà bí ohun tí wọ́n ṣà nínú òkìríkà. Òtútù ló ń lé àwọn ọmọ Seattle wọ ṣẹ́ẹ̀tì fùláànẹ́lì, owó péréte ni wọ́n sì ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù. Jacobs ní kí wọ́n fi ṣẹ́dà ṣe ojú ṣẹ́ẹ̀kì yẹn fún òun ní Ítálì. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Fùláànẹ́lì jẹ́ aṣọ tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ha lójú kí irun rẹ̀ lè dìde; irun yẹn ló ń ká ooru mọ́ ara. Ṣẹ́dà kò ní irun. Ó ń yọ̀, ó ń ṣàn wálẹ̀ bí omi. Ojú aṣọ ni Jacobs gbé kúrò ní Seattle, ó fi iṣẹ́ tí aṣọ ń ṣe sílẹ̀ síbẹ̀.

Kí ni àwọn lámèyítọ́ wá sọ? Suzy Menkes pín báàjì kiri pé gíráńjì burú jáì. Cathy Horyn, tó wà ní Washington Post nígbà náà, bẹnu àtẹ́ lù ú. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Jacobs. Nígbà tó di 1997, Louis Vuitton gbà á. Nígbà tó di 2015, Horyn fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ṣì í. Nígbà tó di 2018, Jacobs tún àwọn aṣọ yẹn ṣe, ó sì tà wọ́n. Lójú tèmi, ìdájọ́ wọn kò le jù, ibi tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ni kò tọ́. Wọ́n ní aṣọ náà rí wúruwùru. Wúruwùru kọ́ ni ẹjọ́. Ṣẹ́dà tó ń ṣe bíi fùláànẹ́lì ni ẹjọ́, àti iye tí wọ́n lé e.

Ní oṣù kẹta ọdún 2013, dìsáínà Hedi Slimane tún gbé gíráńjì jáde ní Paris, lábẹ́ orúkọ Saint Laurent. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ tún fárígá. Owó tó wọlé fún ilé aṣọ náà jẹ́ mílíọ̀nù 473 yúrò ní 2012. Ní 2015, ó ti di mílíọ̀nù 974. Bí ariwo wọn bá dá ọjà kankan dúró, kò hàn nínú ìṣirò yẹn. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí pé "ó burú" kò ní eyín mọ́, kò sí èyí tó tún jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó bí Slimane nínú. Horyn náà ni. Wọn kò pè é síbi ìpàtẹ àkọ́kọ́ tí Slimane ṣe ní Saint Laurent ní 2012. Horyn ṣàlàyé pé nítorí ohun tí òun kọ ní 2004 ni: pé láìsí Raf Simons, dìsáínà mìíràn tó ti ń rán kóòtù tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì ń mú àwọn ọmọkùnrin ojú títì wá fi aṣọ hàn ṣáájú, kò ní sí Hedi Slimane. Ẹ kà á dáadáa o. Kò sọ pé aṣọ náà kò dára. Ibi tó ti wá ló sọ. Ọdún mẹ́jọ kọjá, inú ṣì ń bí wọn. Ilé aṣọ tí kò bìkítà fún "ó burú" kò lè gbé "ẹni tó ni ín nìyí" mì.

Àdúgbò Harlem ní New York fi èyí hàn kedere. Daniel Day, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Dapper Dan, ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òpópónà 125 ní 1982. Ó ń tẹ lẹ́tà Gucci, Fendi àti Louis Vuitton sára awọ, ó ń fi rán jákẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ híp-họ́ọ̀pù àti eléré ìdárayá, àwọn oníbàárà tí àwọn ilé aṣọ yẹn kò kà sí. Àwọn ilé aṣọ gbé òfin tì í títí ṣọ́ọ̀bù fi kógbá sílé ní 1992. (Agbẹjọ́rò tó ṣojú Fendi nínú ọ̀rọ̀ yẹn, Sonia Sotomayor, ti di adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà báyìí. Ayé!) Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, Gucci gbé jákẹ́ẹ̀tì kan jáde ní Florence: onírun, apá rẹ̀ wú bíi bàlúùnù, lẹ́tà kún apá náà. Ó jọ èyí tí Dapper Dan rán fún Diane Dixon, eléré sísá, ní 1989 gan-an. Diane Dixon gbé fọ́tò tirẹ̀ sí Instagram, ariwo ta. Gucci ní ńṣe ni àwọn ń bu ọlá fún un. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bá Dapper Dan ṣàdéhùn, tí ibi ìránṣọ rẹ̀ sì tún ṣí ní Harlem ní 2018. Fọ́tò méjì àti ọdún méjì ló ṣe é. Iṣẹ́ lámèyítọ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ni aṣọ ló ṣe é.

Tiwa náà wà níbẹ̀. Ní 2007, Louis Vuitton gbé báàgì oníṣẹ́ẹ̀kì pupa àti búlúù jáde. Ní 2013, Céline fi irú ṣẹ́ẹ̀kì bẹ́ẹ̀ rán kóòtù. Ẹni tí kò mọ̀ á kọ pé báàgì ìfọṣọ ni wọ́n wò ṣe é. Ọmọ tó dàgbà ní Nàìjíríà mọ̀ pé Ghana-must-go ni, ó sì mọ̀ pé ní oṣù kìíní ọdún 1983 tí ìjọba Shagari lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ, irú báàgì yẹn ni wọ́n fi di ẹrù. Bí ọmọ Ìjerò bá kọ ìlà kan ṣoṣo yẹn sábẹ́ fọ́tò, ó ti ṣe ju ojú ewé mẹ́rin tó ń sọ nípa àwọ̀ lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Yí aṣọ sódì kó o tó kọ ohunkóhun. Bó bá jẹ́ tíṣọ́ọ̀tì, wo etí apá àti ìsàlẹ̀. Títí di àárín àwọn ọdún 1990, ìlà abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà níbẹ̀ lára tíṣọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ni ìlà méjì gbòde. Bí wọ́n bá ní ti 1988 ni, tí o sì rí ìlà méjì, tún un wò. Wá wo àwòrán orí rẹ̀. Plastisol, ìǹkì tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára tíṣọ́ọ̀tì, ní láti gbóná dé nǹkan bíi 160°C láti òkè dé ìdí kó tó jiná. Èyí tí kò jiná á ya pẹ́lẹ́bẹ́ lẹ́yìn ìfọ̀ díẹ̀, ohun tó sì ń bá ọ̀pọ̀ tíṣọ́ọ̀tì ìparí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa jà nìyẹn: wọ́n fi áyọ́ọ̀nù ilé ṣe é, ojú rẹ̀ gbóná, inú rẹ̀ tutù. Èyí tó jiná tó sì gbó lára èèyàn máa ń là níbi tí ara ti ń fà á, ní àyà àti ikùn, àti níbi tí wọ́n ti ń ká a. Èyí tí ilé-iṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ là, ọgbọọgba ló là láti òkè délẹ̀, bí ilẹ̀ àbàtà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Jíìnsì tún rọrùn láti kà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òwú búlúù ló lọ ní gígùn, òwú funfun ló lọ ní ìbú, búlúù ló sì pọ̀ lójú. Bí orúnkún bá ya nítorí ìlò, búlúù ló kọ́kọ́ ń já, funfun á ṣẹ́kù ní ìbú bí okùn dùùrù, àyíká ihò náà á sì ti ṣí díẹ̀díẹ̀ kó tó kan ihò. Èyí tí wọ́n fi bíléèdì ya, búlúù á ṣì dúdú dé etí ihò. Wo itan méjèèjì: bí ìlà funfun ti ọ̀tún bá jọ ti òsì bí ẹni wo dígí, ẹ̀rọ lésà tàbí pátákó ìdíwọ̀n ló ṣe é, torí kò sẹ́ni tó ń fi itan méjèèjì jókòó bákan náà. Àwọn tó ń fi Hypo bó àwọ̀ jíìnsì nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ ẹ́ mọ́jú. Hypo ń jẹ òwú fúnra rẹ̀, kì í ṣe aró nìkan. Ẹ bomi là á dáadáa, ẹ dúró tì í, ẹ sì fi omi ṣan án léraléra, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdí jíìnsì á já lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ gun ọ̀kadà.

Aṣọ òkè náà ti ń dé ibẹ̀. Kenneth Ize, dìsáínà ọmọ Nàìjíríà tó ń fi í rán kóòtù, wà lára àwọn tó dé ìpele àṣekágbá ẹ̀bùn LVMH fún àwọn dìsáínà ọ̀dọ́ ní 2019. Èyí tí wọ́n hun tóóró sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, nítorí náà ojú ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ hàn ní ìwọ̀n yẹn. Kíjìpá tí àwọn ìyá wa ń hun lórí òfì tó dúró fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Bí o kò bá rí ìsopọ̀ kankan lára ohun tí wọ́n pè ní aṣọ òkè, béèrè irú òfì tó hun ún. Bí wọ́n bá gé e láìfi gum stay (aṣọ tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ọn kó lè le) sẹ́yìn, láìsì fi ẹ̀rọ wívìn ká etí rẹ̀, ó máa tú. Lámèyítọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan aṣọ rí á rí etí tó ń tú yẹn, á sì kọ ọ́ pé àrà tuntun ni dìsáínà fi dá.

Jíjọra nìkan kọ́ ni ẹ̀rí. Ṣòkòtò bàgì jọ ṣòkòtò bàgì, kò sẹ́ni tó ni ín. Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn èèyàn wá ni ìpinnu tí aṣọ kò nílò: ibi tí lẹ́tà wà, bí àwọ̀ ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn, ojú ìrán tó gba ibi tí kò pọn dandan. Ọ̀kan lè ṣèèṣì. Bí mẹ́ta bá bára mu lára aṣọ kan náà, tí fọ́tò tó ní ọjọ́ sì wà fún ti ìṣáájú, ó yẹ kéèyàn sọ̀rọ̀. Ibi tí àwọn tó ń tú àṣírí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń kọsẹ̀ nìyí: fọ́tò tí kò lọ́jọ́, ìjọra kan, ariwo olè. Kọ ohun tí ojú rí, má kọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn. Dolce & Gabbana pe Diet Prada, ojúewé Instagram tó ń tú àṣírí ẹni tó wo aṣọ ẹlòmíràn ṣe, lẹ́jọ́ ní Ítálì, wọ́n sì béèrè owó tó ju mílíọ̀nù 600 dọ́là lọ. Nílé níbí, Òfin Cybercrimes ti 2015 tí wọ́n tún ṣe ní 2024 wà níbẹ̀, ọlọ́pàá sì mọ ọ̀nà rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ojú Paris kò lè rí. Ṣáájú oṣù kẹwàá ọdún 2020 tí àwọn ọ̀dọ́ fi tú síta lórí SARS, dírẹ́ẹ̀dì àti jíìnsì tó ya lórúnkún tó ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ dá ọmọkùnrin dúró lójú títì, kí wọ́n gba fóònù rẹ̀, kí wọ́n pè é ní ọmọ Yahoo. Jíìnsì kan náà wà nínú fèrèsé dígí lókè òkun pẹ̀lú iye tó ń bani lẹ́rù. Lámèyítọ́ tó bá kọ nípa jíìnsì yẹn láìmọ ohun tó ná ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, àpò nìkan ló wò. Àwọn ilé aṣọ máa ń sọ pé àwọn ń gbé àwọn ọ̀dọ́ ga. Ẹni tó bá ní òun ó dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ọrùn tiwọn sì rèé, lẹ́nu ọdún 2000 Louis Vuitton fi òfin lé Supreme, ilé aṣọ àwọn ọmọ onísikéètì ní New York, nítorí pátákó sikéètì tó ní àwòrán wọn, ní 2017 wọ́n jọ pàtẹ aṣọ pọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń tú béèlì ní Ọjà Ọba, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bẹ̀. Aṣọ tó ṣàjèjì kọjá ọwọ́ yín ju ti ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn lọ, ẹ sì ń tà á lọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Kó tó lọ, ẹ ya fọ́tò mẹ́rin: iwájú, ẹ̀yìn, lébẹ́ẹ̀lì ọrùn, àti etí apá tí ẹ yí sódì. Ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí i àti iye tí ẹ tà á. Ẹ má fi sórí sítétọ́ọ̀sì nìkan, wákàtí 24 péré ló ń lò níbẹ̀.