Wọ́n ní àwọn onímọ̀ nìkan ló ni ìṣirò ọrọ̀ ajé. Kò rí bẹ́ẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń jíròrò ètò ìjọba: "Àwọn onímọ̀ ti ṣe ìṣirò rẹ̀." Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ báyìí, ẹni tó fẹ́ béèrè ìdí tí owó orí fi máa lọ sókè, tàbí ìdí tí wọ́n fi fẹ́ mọ odi sétí odò kan tí wọ́n sì pa òmíràn tì, á rọra jókòó. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ ni pé àwòṣe ọrọ̀ ajé, ìyẹn ìṣirò tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe bí owó àti ọjà ṣe ń lọ, dà bí òṣùwọ̀n: ẹ gbé ẹrù lé e, ó sọ bó ṣe wúwo tó, kò mọ ẹni tó ni ẹrù. Iṣẹ́ ará ìlú kò ju kó gba èsì lọ.

Ìgbàgbọ́ yìí ń dùn mí, nítorí kì í ṣe àwọn ọ̀lẹ ló gbà á gbọ́. Àwọn èèyàn tó ní ọ̀rọ̀ gidi láti sọ ló ń tìtorí rẹ̀ dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwòṣe jẹ́ ná. Ní ọdún 1949, Bill Phillips, ọmọ New Zealand kan tó wà ní London School of Economics, kan ẹ̀rọ ńlá kan láti fi ṣàlàyé bí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè ṣe ń lọ. Omi aláwọ̀ ló ń ṣàn nínú rẹ̀ bí owó. Díẹ̀ á gba páìpù owó orí lọ, díẹ̀ á gba ti ìfowópamọ́, díẹ̀ á gba ti ọjà tí wọ́n ń rà lókèèrè. Tí ẹ bá ṣí páìpù owó orí sí i, ẹ óò fojú ara yín rí i bí omi ṣe ń fà nínú ọpọ́n tó dúró fún ohun tí àwọn èèyàn ń ná. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ kò sí páìpù fún igbó tí wọ́n gé, kò sí fún odò tó ti bàjẹ́, kò sí fún obìnrin tó ń tọ́jú aláìsàn nílé láìgba kọ́bọ̀. Phillips kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó kàn yan ohun tó fi síbẹ̀ àti ohun tó yọ kúrò ni. Inú kọ̀ǹpútà ni àwòṣe wà lónìí, omi ti di nọ́ńbà, ṣùgbọ́n èèyàn ló ṣì ń yan ibi tí páìpù máa gbà.

Ibi tí yíyàn náà ti lágbára jù lọ kì í hàn síta. Ká ní ìṣirò fi hàn pé àdánù tó tó mílíọ̀nù kan máa ṣẹlẹ̀ ní 100 ọdún sí i, bí a kò bá ṣe nǹkan kan lónìí. Báwo ni kí àdánù yẹn ṣe wúwo tó lójú àwa tí a wà láyé báyìí? Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé á mú ìdá kan, wọ́n á fi máa dín iye ọjọ́ iwájú kù lọ́dọọdún. Tí wọ́n bá fi ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún dín in kù, mílíọ̀nù yẹn á di nǹkan bí 249,000. Tó bá jẹ́ ìdá 3, á di 52,000. Tó bá jẹ́ ìdá 7, kò ní tó 1,200. Àdánù kan náà, ọdún kan náà, kò sì sí àṣìṣe kankan nínú ìṣirò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kì í ṣe àwàdà. Ní ọdún 2006, ìjọba Britain gbé ìwádìí jáde lórí ìyípadà ojú ọjọ́, èyí tí Nicholas Stern darí. Ìdá tó lò sún mọ́ 1.4, ó sì sọ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá lójú ẹsẹ̀. William Nordhaus, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018, lo ìdá tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ó sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ rọra lọ. Àwọn méjèèjì mọ ìṣirò. Ohun tó pín wọn níyà jù lọ ni ìbéèrè yìí: kí ni a jẹ àwọn tí a kò tíì bí ní gbèsè? Kò sí ìwé ẹ̀rí yunifásítì tó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti dá ìbéèrè yẹn dáhùn ju ẹlòmíì lọ. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba tó wọlé ní 2017 fi ìdá 3 àti 7 ṣe ìṣirò ìbàjẹ́ tí tọ́ọ̀nù kan èéfín káábọ́ọ̀nù, èyí tó ń mú ayé gbóná, ń fà, wọ́n sì ka kìkì èyí tó bá ṣẹlẹ̀ nínú orílẹ̀-èdè wọn. Iye rẹ̀ kò tó dọ́là 10. Ní 2023, àjọ tó ń rí sí àyíká lórílẹ̀-èdè yẹn kan náà lo ìdá 2, wọ́n ka gbogbo ayé mọ́ ọn, ó di dọ́là 190. Lóòótọ́, ìmọ̀ tuntun nípa ìbàjẹ́ náà wọ inú èyí tó kẹ́yìn. Síbẹ̀, èéfín kò yí padà láàárín ọdún mẹ́fà. Àwọn tó ń yan ìdá ló yí padà.

Àwọn kan á ní, "Ó dáa, ẹ bi ará ìlú léèrè ohun tí ọkàn wọn fẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má dé ìdí ìṣirò fúnra rẹ̀." Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Pickering, ìlú kékeré kan ní North Yorkshire, nílẹ̀ England. Omi ya wọ ìlú náà ní 1999, ó tún ya wọ̀ ọ́ ní 2000, ní 2002 àti ní 2007. Wọ́n ti gbèrò láti mọ odi, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba gbé iye owó rẹ̀ ka iye ilé tó máa dáàbò bò, èrè kò tó ìnáwó. Ìṣirò ti sọ̀rọ̀, ìlú sì wà nínú omi.

Lẹ́yìn náà ni àwọn olùwádìí láti yunifásítì, tí Sarah Whatmore àti Stuart Lane wà lára wọn, wá bá àwọn ará ìlú jókòó. Wọn kò wá ṣàlàyé èsì fún wọn. Wọ́n jọ ṣe àwòṣe náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn ará ìlú mú fọ́tò wá, wọ́n mú fídíò wá, wọ́n mú ìrántí ibi tí omi ti máa ń kọ́kọ́ yọ wá. Àwọn ni wọ́n ń tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n yé wo àárín ìlú nìkan, kí wọ́n lọ sókè odò, kí wọ́n dá omi dúró díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ kó má baà dé lẹ́ẹ̀kan náà. Lane kọ àwòṣe kan tó rọrùn tó lè dán èrò yẹn wò, ó sì jọ pé ó máa ṣiṣẹ́. Láti 2009, ètò ìjọba kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi dí ojú odò lábala lábala, wọ́n gbin igi, wọ́n tún mọ ìdídò ńlá kan sókè ìlú. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀ ní ìparí ọdún 2015, tí omi bo ọ̀pọ̀ ìlú ní àríwá England, omi kò ya wọ Pickering.

Mi ò sọ pé ará ìlú mọ ìṣirò ju Lane lọ o. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwòṣe tí ìjọba ní tẹ́lẹ̀ kò béèrè ohunkóhun nípa òkè odò, nítorí náà kò lè dáhùn rẹ̀.

Bákan náà, mi ò sọ pé kí a dìbò lórí bóyá omi ń ṣàn sísàlẹ̀. Ibi tí òótọ́ bá ti jẹ́ òótọ́, ìbò kò yí i. Ohun tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Netherlands ní 2020, lásìkò kòrónà, fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Wọ́n fi àwọn òfin tí ìjọba lè tú sílẹ̀ han nǹkan bí 30,000 èèyàn, pẹ̀lú ohun tí àwọn onímọ̀ rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan máa fà: iye aláìsàn tó máa pọ̀ sí i, iye owó tó máa wọlé padà. Wọ́n wá fi ààlà sí i, pé àpapọ̀ ohun tí ẹ bá yàn kò gbọ́dọ̀ ju agbára ilé ìwòsàn lọ. Àwọn onímọ̀ ló mú ààlà wá, àwọn èèyàn ló yan ohun tó máa wà nínú rẹ̀.

Níbi tí wọ́n bá ti fo ìpele yẹn, a máa ń rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Faransé. Owó orí lórí káábọ́ọ̀nù, èyí tó máa ń mú kí epo ọkọ̀ wọ́n, wà lára ohun tí àwòṣe ọrọ̀ ajé fẹ́ràn jù lọ, mo sì gbà pé ìdí gidi wà fún un. Ní 2018, ó jẹ́ yúrò 44.6 lórí tọ́ọ̀nù kan, wọ́n sì ti ṣètò kó di 55 ní 2019. Àròpín fi hàn pé ara lè gbà á. Ṣùgbọ́n àròpín kì í gbé ibì kankan. Ẹni tó ń gbé níbi tí bọ́ọ̀sì kì í dé, tó ń fi ọkọ̀ àtijọ́ rìn jìnnà lọ síbi iṣẹ́, ni epo náà wọ́n fún. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí: ní oṣù kọkànlá 2018, àwọn èèyàn wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè jáde sójú títì káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Kí oṣù kejìlá tó parí, ìjọba ti fagi lé àfikún náà.

Ìyẹn ló bí àpéjọ àwọn 150 ará ìlú tí wọ́n fi kèké mú, tí wọ́n jókòó láti oṣù kẹwàá 2019 títí di oṣù kẹfà 2020. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn ni bí Faransé ṣe máa dín èéfín rẹ̀ kù sísàlẹ̀ ti 1990, ó kéré tán ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, kí 2030 tó pé, láìfi ìyà jẹ tálákà. Wọ́n tẹ́tí sí àwọn onímọ̀, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n sì kọ àbá 149. Kò sí àfikún owó orí káábọ́ọ̀nù nínú rẹ̀. Títún àwọn ilé ṣe kí wọ́n má máa jẹ iná púpọ̀ wà níbẹ̀. Ààrẹ Macron ti ṣèlérí pé òun máa gbé e síwájú láìyọ ohunkóhun kúrò. Nígbà tí wọ́n gbé àbá náà fún un, ó kọ mẹ́ta lára wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ìyókù sì tín-ín-rín kó tó di òfin. Ní oṣù kejì 2021, àwọn ará ìlú yẹn tún péjọ, wọ́n gbé ìdáhùn ìjọba yẹ̀ wò ní orí dé orí, wọ́n sì fún un ní máàkì. 3.3 nínú 10 ni.