Àtúnṣe: Kò dìgbà téèyàn bá mọ àwòrán yà kó tó lè ṣe iṣẹ́ graphic design

Wọ́n ń sọ kiri fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni tí kò mọ àwòrán yà kò lè jẹun nídìí graphic design. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn tó ń ya àwòrán inú ìwé ọmọdé nìyẹn kàn gbọ̀ngbọ̀n. Títo ọ̀rọ̀ àti àwòrán sójú ewé ló pọ̀ jù níbẹ̀: kí lojú máa kọ́kọ́ rí?

Fáìlì tí wọn ò múra ẹ̀ sílẹ̀ fún ìtẹ̀wé ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Àwòrán tó máa kún ojú ewé A4 gbọ́dọ̀ tó píksẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 2480 níbùú, 3508 lóròó. Bí kò bá tó, á ṣe bàìbàì. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀yìn fi mílímítà 3 kọjá etí ìwé yíká, torí abẹ máa ń yẹ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gé e, á sì fi ìlà funfun sílẹ̀.